Ẹni Tó Gba Aago Gbọ́ Títí Dé Ilẹ̀

Ọmọ atúnaagoṣe, ọmọ ẹni tí ń fi abẹ́rẹ́ yọ eruku lójú àkókò. Ní ọdún 1983 ni a bí olóògbé wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, níbi tí aago bo ògiri. Ìyá rẹ̀, aránṣọ, kọ́ ọ ní àdúrà kó tó mọ ìwé. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní gbólóhùn kan: "Ènìyàn ló ń parọ́, aago kì í parọ́."

Lẹ́yìn tó jáde girama, ó wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ní 2003. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ tún ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sọ lọ́nà mìíràn: nínú kùrukùru lójú òfurufú, ara awakọ̀ bàálù a máa tàn án jẹ, àwọn míta tó rí bí aago níwájú rẹ̀ nìkan ni kó gbà gbọ́. Nígbà tí òun náà di olùkọ́, ohun tó ń kì bọ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ létí nìyẹn, títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ojú-Aago.

Ní 2011 ó gbé nọ́ọ̀sì tó wù ú níyàwó. Ó pẹ́ dé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ kí àwọn àna. Ìyá ìyàwó ní, "Ọmọ atúnaagoṣe, ìwọ náà ń pẹ́?" Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, aago yín ló ń sáré jù. Ẹ jẹ́ kí bàbá mi bá yín wò ó." Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a gbọ́ pé ó bú aago nìyẹn.

Kì í wọ ọkọ̀ òfurufú láìfi ọwọ́ kan imú ọkọ̀ náà kó sì gbàdúrà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, kó lè kọ́ wọn ní ìṣirò.

Ní ọdún yìí, òjò rọ̀ mọ́jú, àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ òfurufú kò sì dé ìbòrí lé ọ̀pá kékeré tí ọkọ̀ fi ń mọ eré ara rẹ̀. Omi wọ inú ọ̀pá náà. Nínú kùrukùru, míta ní eré ti pọ̀ jù. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ló ròyìn ìyókù fún wa. Olóògbé ní, "Àbúrò, ara mi ò gbà á. Ó dà bíi pé eré ti tán nídìí ọkọ̀ yìí." Ọmọ náà fèsì: "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má gba ara gbọ́?" Ó ní, "Òótọ́ ni. O ṣeun." Ó gbé imú ọkọ̀ sókè kí eré lè dínkù. Eré tí kò sí ló ń dín, afẹ́fẹ́ ò sì lè gbé ọkọ̀ mọ́. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó ń já bọ̀. Ó pariwo, "Fò jáde!" Ọmọ náà fi páráṣúùtì fò. Òun kò ráyè.

Ẹni a ní kó wá fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àwọn ọ̀gá ológun òfurufú ní àṣìṣe awakọ̀ ni. A bẹ̀ wọ́n, a sunkún. Wọn ò yí i padà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ níwájú pósí rẹ̀, kí ilẹ̀ tó gbọ́ irọ́: olóògbé kì í ṣe aláìbìkítà. Ìgbọràn ló pa á.

Ó fi bàbá, ìyá, ìyàwó, ọmọbìnrin méjì àti àbúrò kan sílẹ̀. Ibi tí à bá kọ ọmọ-ọmọ sí ṣófo. Bàbá ti dá gbogbo aago ṣọ́ọ̀bù dúró. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó gbé e wá. Kò tíì gbójú sókè. A kò bínú sí i. Gbólóhùn ilé wa ló sọ.

Olúwa, a bẹ̀ ọ́. Gba ọmọ wa.

Ojú-Aago, ọmọ ẹni tí ń fi abẹ́rẹ́ yọ eruku lójú àkókò, kí ilẹ̀ tí o kò rí kó o tó bà lé e rọ̀ ọ́ lára bí ẹní ìyá rẹ. Sùn re o. Kò sí aago tí yóò jí ọ.