Àga Kan Ṣoṣo Tí Wọ́n Fún Àwa Olùkọ́

Bàbá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní í dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ èyí fún, torí ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ wa tí ẹ tìtorí rẹ̀ jó yí rédíò ká lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, owó kò sí lápò rẹ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré wa níbí, ààbọ̀ owó oṣù ni wọ́n ń san fún àwa olùkọ́ báyìí. Àwọn tó ń ti Ìkẹ́rẹ́ wá ń fẹsẹ̀ rin apá kan ọ̀nà. Àwọn mìíràn ti padà sídìí oko, wọ́n ń kọ ebè láàárọ̀, wọ́n ń kọ́ni lọ́sàn-án. Bàbá, èmi ni mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà pé kí olùkọ́ kan máa bá wọn jókòó, kí a lè lóhùn sí ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe. Ọdún méjì la fi jà fún àga kan ṣoṣo yẹn. Nígbà tí a rí i gbà, èmi ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dìbò fún, wọ́n ní ẹnu mi mú. Wọ́n kọ ìwé lé mi lọ́wọ́ láti kà níbẹ̀: a kò fara mọ́ ààbọ̀ owó tí wọ́n fẹ́ máa san, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ìwé ìnáwó fún wa wò.

Ẹ kò ní gbàgbọ́ ẹni tí mo bá lórí àga alága. Bàbá Tíṣà ni, ọ̀rẹ́ yín tó kọ́ mi ní ABD l'Ógòtún. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì tó bá ti ń wọlé, kí n tètè kúnlẹ̀? Nígbà tó bá lọ tán, ẹ ó wá máa fi í rẹ́rìn-ín pé pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà, kò mọ kòkó tó pọ́n yàtọ̀ sí èyí tó jẹrà. Ṣùgbọ́n níwájú rẹ̀, ẹ kò já a níyàn rí. Ṣé ẹ kò lè kọ́ mi pé ènìyàn lè kúnlẹ̀ kí àgbà, kó sì tún sọ pé rárá? Inú ń bí mi sí yín, Bàbá.

Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ owó oṣù, mo dìde. Ìwé wà lọ́wọ́ mi. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá fi oríkì mi pè mí níwájú gbogbo wọn, oríkì tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí a ti sin yín. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ó bi mí bóyá mo ní nǹkan sọ. Ojú tì mí láti já ọ̀rẹ́ bàbá mi níyàn láàárín àwọn àjèjì. Mo kí i, mo jókòó. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn olùkọ́ fara mọ́ ọn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ tèmi kò mọ lórí mi nìkan. Ìyá Bùsọ́lá tí a jọ ń lo tábìlì kan ti yọ méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé. Kò bá mi jà. Ó kàn ń kí mi bí ẹni tó ń kí àlejò ni, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ. Ìgbìmọ̀ ti gba àga náà padà. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí a kò ní ẹ̀sùn, kí la tún ń wá ṣe níbẹ̀? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ bá ṣe?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a ṣe ìsìn ìrántí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ógòtún. Bàbá Tíṣà wá. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí lójú gbogbo ìjọ, ó dúpẹ́ pé ẹ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ó sì gbàdúrà pé kí gbogbo ọmọ ìwòyí rí bí mo ṣe rí. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ṣe àmín.

Mo fẹ́ràn yín síbẹ̀,
Ọmọ yín.