Kẹ́ẹ̀gì Mi ní Ibùdókọ̀ Bàrígà

Kausarat ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa tílé wà dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí kò jẹ́ kí ìjì àná ṣí òrùlé wa. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, bàbá rẹ ní kí n kí ọ kú oríire.

Orúnkún mi ti ń gbọ́ràn. Oògùn tí wọ́n fún mi ní ọsibítù Igbóbì ṣiṣẹ́, mo lè forí kanlẹ̀ kírun báyìí kí n sì dá dìde. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé mo mọ̀ pé inú ṣì ń bí ọ nípa kẹ́ẹ̀gì.

Ọmọ mi, mi ò dójú tì ọ́. Ìwọ náà rántí ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ. Bọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n gbé wá sí Bàrígà dára, inú rẹ̀ tutù bí abẹ́ igi kòkó, ṣùgbọ́n èrò tó ń dúró dè é pọ̀, kò sì sí ìjókòó. Nígbà tó fi máa kàn wá, orúnkún mi ti wú. A dé Igbóbì, dókítà ti lọ, nọ́ọ̀sì ní ká padà wá. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, o rò pé eruku ló kó sí mi lójú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé kẹ́ẹ̀gì tí mo fi bu epo wá fún ọ dání nígbà kejì. Àbí o ti gbàgbé bá a ṣe ń pọn omi níbí ni? Kẹ́ẹ̀gì ló ń tò nídìí ẹ̀rọ omi, èèyàn á lọ jókòó síbòji. Mo gbé e ti ẹni tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn, mo lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Mo rí ọ, o ń wòkè bí ẹni tí ò mọ ìyá tó bí i.

Tolúwalọpẹ́, ọmọbìnrin tó ń to èrò sórí ìlà, ní Màmá, èèyàn là ń gbé, a kì í gbé kẹ́ẹ̀gì. Mo ní èmi ni mò ń lọ Igbóbì, kẹ́ẹ̀gì ò lórúnkún tó lè dùn ún, òun ló ń bá mi dúró. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ni Bàbá Bámilóyè, tó ń fi ọ̀pá rìn, bá gbé báàgì rẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì mi, ó ní, Àlájà, ẹ sún fún mi. Mi ò tíì dé Mẹ́kà o, ṣùgbọ́n mi ò bá a jiyàn. Kí bọ́ọ̀sì tó dé, agboòrùn, apẹ̀rẹ̀ àti fìlà kan ti tò, àwa àgbà ń jẹ ẹ̀pà níbòji. Géńdé kan fẹ́ já síwájú, a ní kó lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó o ní kí n fi káàdì owó ọkọ̀ kàn, mo kí i, ó sì jẹ́ mi lóhùn. Ọmọ ọkọ̀ nìkan ni mi ò rí. Mo ní bóyá ara rẹ̀ ò yá, mo ṣàdúà fún un, mo sì bá a pe ibùdókọ̀ títí a fi dé, torí àánú dírẹ́bà ṣe mí. O ní kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n èèyàn méjì tó ti sùn lọ ló jí bọ́ sílẹ̀ nítorí ohùn mi. Dókítà ṣì wà lórí ìjókòó nígbà tá a dé.

Saheed tó ń kó iṣu wá sọ́dọ̀ yín sọ fún mi pé àwọn ará Abúlé Òkúta ní Bàrígà ti dáwó kan bẹ́ńṣì gígùn sí ibùdókọ̀ náà, wọ́n sì na tapólì bò ó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn kẹ́ẹ̀gì náà á ríbi jókòó.

Oṣù tó ń bọ̀ ni dókítà ní kí n padà wá. Jọ̀ọ́, fún Saheed lówó ọkọ̀ àti ti káàdì kó bá mi mú wá. Má fi í sínú fóònù mi, ojú rẹ̀ ti sán, owó lè jò. Lọ́jọ́ tó o bá ti gba lẹ́tà yìí, bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ lọ sórí ìlà, ẹni tó kọ́kọ́ dé odò ló ń pọn omi tó tòrò. Bójú bá ń tì ọ́, má dúró tì í, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọlọ́hun á máa ṣọ́ ọ. Níbikíbi tí oore bá ti ń tò, ọkọ rere, iṣẹ́ rere, ilé tìrẹ, kẹ́ẹ̀gì tìrẹ ni yóò wà níwájú, ẹnikẹ́ni ò ní gbé e kúrò.

Ìyá rẹ,
Sàwúdátù