Èémí Kan Náà, Èsì Méjì

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, mo kí Àǹtí Sìdí àti àwọn ọmọ wọn. Mo mọ̀ pé inú yín kò dùn sí mi láti ọjọ́ Ajé tí mo ti sọ fún yín lórí fóònù pé n kò fọwọ́ sí ìwé ìlera ilé iṣẹ́ wa. Ẹ ní kí ni ẹni tó gba mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tún ń wá. Ẹ rán mi létí pé nígbà tí mo gba irú máàkì yẹn nínú ìṣirò ní pírámárì, adìyẹ lẹ pa fún mi. Owó fóònù mi ti ń tán lọ nígbà yẹn, n kò lè ṣàlàyé. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí gbangba kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi lè kà á.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kíka àpò ni mò ń ṣe létí omi ní Kirikírì. Bí bàájì, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù, bá gbé sìmẹ́ǹtì dé, èmi ni mo máa ń dúró síbi tí àwọn aláàárù ti ń kó o sókè, tí mo ń fa ìlà kan fún àpò kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Ohun tí n kò sọ fún yín rí ni ti eruku. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń bò wá bí ẹni kó sínú èlùbọ́. Ní àsìkò òjò bí èyí, ṣe ló ń dì mọ́ni nímú. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń wúkọ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan péré ni ilé tí mò ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń dúró sinmi lórí àtẹ̀gùn kí n tó dé òkè. Àwa mẹ́ta la jọ wà nínú yàrá, àmọ́ bí ẹnì kan bá ń wọlé ni ẹlòmíì ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ògiri nìkan ló ń gbọ́ ikọ́ mi.

Lọ́dọọdún, ilé iṣẹ́ máa ń ní kí á fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ kan tó ń wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá dín ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, òfin wọn ni pé kí wọ́n mú un kúrò nínú eruku, kí wọ́n sì rán an lọ sọ́sípítù lówó ilé iṣẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, òyìnbó kan tó wá tún ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ṣe ló ṣáájú mi. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì ní kí n fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ná igi tútù, kí n má ṣe é bí ọkọ ìyàwó tó ń fẹ́ tíì gbígbóná níwájú àna. Mo fẹ́ ẹ títí òòyì fi kọ́ mi. Márùndínlọ́gọ́rin ló jáde. Ojú nọ́ọ̀sì yí padà, ó fa ìwé ọ́sípítù yọ, ó ti kọ orúkọ mi sí i.

Ibẹ̀ ni dókítà ilé iṣẹ́ bá wa. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní nọ́ọ̀sì ti sọ mí di òyìnbó. Ẹ̀rọ náà máa ń béèrè ẹ̀yà ènìyàn kí ó tó ṣírò, nọ́ọ̀sì sì gbàgbé láti yọ ti òyìnbó tó ṣáájú mi kúrò. Dókítà tẹ ti aláwọ̀ dúdú, mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún bá jáde. Ó ya ìwé ọ́sípítù, ó ní kí n máa lọ síṣẹ́, ara mi dá ṣáṣá. Ìyá mi, n kò fẹ́ èémí mìíràn o. Orí àga kan náà ni mo ṣì jókòó sí.

Mo bi nọ́ọ̀sì pé èémí tí mo fẹ́ gan-an, mélòó ni. Ó ní lítà mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀rá piọ wọ́tà wò ó, torí méjì rẹ̀ ló ń wọ lítà kan. Ọ̀rá mẹ́fà ni mo fẹ́. Ẹ̀rọ ní òyìnbó tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tó sì ga tó mi, yẹ kó fẹ́ mẹ́jọ. Èmi, bí mo bá ti fẹ́ méje, ó tó. Mẹ́fà nínú mẹ́jọ, aláìsàn ni mí. Mẹ́fà nínú méje, ara mi le. Ọ̀rá kan yẹn, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú tèmi kí n tó débẹ̀.

Mo padà lọ bá dókítà. Mo bi í pé àwọn wo ni wọ́n wọ̀n tí wọ́n fi mọ̀ pé méje ló tó aláwọ̀ dúdú. Ó ní bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn, pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ kì í ṣe òmùgọ̀. Mo ní ó lè jẹ́ pé àwọn tí wọ́n wọ̀n náà ti wà nínú èéfín àti eruku bíi tèmi. Bí a bá fi ẹni tó ti fara gbọgbẹ́ ṣe òṣùwọ̀n, ara ta ni ọgbẹ́ tún máa hàn? Ó ní kí n gbé ìwé mẹ́wàá mi kúrò lórí iṣẹ́ òun. Àmọ́ ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní bí òun bá fi òṣùwọ̀n òyìnbó wọn gbogbo wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di aláìsàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ta ló máa wá gbà wọ́n síṣẹ́?

Ohun tí Tàmúnọ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ka àpò, sọ náà nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní òyìnbó ìṣẹ́jú méjì. Ó ní kí n rọra o, pé ilé iṣẹ́ tó kọ òfin ọ́sípítù sínú ìwé mọ bí wọ́n ṣe ń lé èèyàn láìkọ ọ́ sínú ìwé, pé mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún yẹn ló ń bọ́ wa. Mo bi í bóyá òun náà ń wúkọ́. Ó ní ta ni kì í wúkọ́ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi pé òun gbọ́ pé níbòmíràn, wọ́n ti ń yọ ìbéèrè ẹ̀yà yẹn kúrò, pé òṣùwọ̀n kan ni wọ́n ń lò fún gbogbo ènìyàn, pé ẹ̀rọ tiwa ló ti pẹ́. Ó kọ lítà mẹ́ta àti èsì méjèèjì sórí ìwé fún mi, ó sì fọwọ́ sí i. Mo ní ṣé ẹ̀rù kò bà á. Ó ní bí àṣìṣe òun bá máa là mí lójú, kí òun kúkú ṣe é tán.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kí á fọwọ́ sí ìwé pé a gba èsì wa. Mo ní màá fọwọ́ sí i bí wọ́n bá kọ lítà mẹ́ta síbẹ̀, pẹ̀lú èsì méjèèjì. Ọ̀gá wa ní èmi kọ́ ni màá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé, pé ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i kò ní wọ géètì. Láti ọjọ́ náà, mò ń dé géètì láràárọ̀, wọ́n ń dá mi padà. Ohun tí mo máa ń fi ránṣẹ́ yóò dín lóṣù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara dà á. N kò lè jókòó sójú kan. Mò ń rìn káàkiri nínú òjò, mò ń ka ìṣísẹ̀ tí mo lè gbé kí n tó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò ó pé bóyá dókítà jàre, bóyá ara mi dá lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. N kò mọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí n fọwọ́ sí i pé mo mọ̀.

Lọ́la, mò ń lọ sí ọ́sípítù ìjọba fúnra mi. Ẹ má sọ fún ará àdúgbò pé wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò tíì lé mi. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Àgbà kí wọ́n ṣàdúrà. Kí wọ́n má wulẹ̀ bẹ Ọlọ́run pé kí èsì náà dára, òtítọ́ ni kó jáde. Bí wọ́n bá sì bi mí níbẹ̀ irú ènìyàn tí mo jẹ́ kí n tó fẹ́ èémí, màá ní ẹni tó ti ń fa eruku sìmẹ́ǹtì símú fún ọdún mẹ́sàn-án ni mí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn látibẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, àárẹ̀ kò ní mọ ọ̀nà ilé yín. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, ẹni tó bi yín léèrè mi àti ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni ọmọ yín,
Mufútáù, láti Ajégúnlẹ̀.