Ẹ Má Jẹ́ Kí Fotini Dúró Pẹ́

Bàbá Manoli,

Búrẹ́dì wà lábẹ́ aṣọ, wàràkàṣì wà nínú òróró ólífì. Ẹ tètè jẹun, kí ẹ fún àwọn ewúrẹ́ lómi, kí ẹ sì máa lọ sí èbúté.

Èmi àti Fotini ọmọ àbúrò mi ti wọkọ̀ lọ sí etíkun kékeré ẹ̀yìn òkè, níbi tí ẹsẹ̀ èrò kì í dé. Ó máa fi iyanrìn gbígbóná bò mí dé ọrùn nítorí ìbàdí tó ń dùn mí, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn náà ló máa padà wá gbé yín.

Mo mọ ohun tí ẹ máa wí: "Ṣé ẹja ni mí, tí ẹ fẹ́ fi iyanrìn yan mí?" Ẹ wí i lánàá, ẹ wí i níjẹta. Ṣùgbọ́n mo rí yín láàárọ̀ yìí, bí ẹ ṣe ń fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí ẹ di ògiri mú bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mo kàn díbọ́n pé mò ń sùn ni. Ẹ má bínú.

Ẹ mú agbòòrùn dúdú àti omi tútù dání. Bí ẹ bá sì dúró ní èbúté tí ẹ ń bá ọmọ ọlọ́mọ jiyàn, ẹ rántí pé èmi nìkan ló wà nínú iyanrìn, mi ò sì ní lè lé eṣinṣin tó bá bà lé mi nímú.

Kò sẹ́ni tó máa rí yín níbẹ̀, àfi èmi. Mo ti ní kí Fotini gbẹ́ kòtò tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, kó lè ti gbóná kí ẹ tó dé.

Evdokia