Má Dáhùn Lójú Ọ̀nà

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Láti Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí Bàbá. Mo kí Bùrọ̀dá Súlè tí wọn yóò ka ìwé yìí fún yín. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fo ìlà kankan nítorí oorun. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, torí ìyá tí àyà rẹ̀ ń já nítorí ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹnubodè kò mọ sí ẹ̀yin nìkan.

Ẹ ránṣẹ́ pé kí n di ẹrù mi wálé, pé rédíò ní sọ́jà ti gbàjọba. Wọ́n gbà á lóòótọ́. Kámáráàdì ni a ń pe ara wa ní ọ́fíìsì báyìí, àtọ̀gá àtẹni tó ń gbálẹ̀. Mùsíọ̀ Sènà, ọmọ Ègùn tó jẹ́ ọ̀gá mi, ti di Kámáráàdì Sènà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń jágbe mọ́ni kò yí padà. Ìyá mi, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Iṣẹ́ ló dè mí mọ́lẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín, ilé ń sọ mí. Bí afẹ́fẹ́ ọ̀sà bá ń fẹ́ wọ Tokpota tí mo ń gbé nírọ̀lẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń sọ Ègùn, ohùn yín ni mo máa ń wá. Àlájà Sàfúrà onílé mi ló ń tù mí nínú. Nàgó ni wọ́n, Yorùbá ìhín bíi tiwa, wọ́n sì ń pè mí ní ọkọ wọn. Orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ orí ni wọ́n fi ń ru omi láti ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ omi yìí gan-an niṣẹ́ mi. Ọ́fíìsì wa ló ń gba orúkọ àwọn tó fẹ́ omi ẹ̀rọ sílé. Ìjọba tuntun ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kí wọ́n kọ́kọ́ fà á fún. Ẹ̀rọ ńlá kan tí àwọn Faransé ń pè ní òdínátọ̀ ló ń tọ́jú orúkọ, èmi ni mo sì ń kọ ìlànà tó ń tẹ̀ lé. Ó ní iyè, ó sì ní disiki, ìyẹn àwọn àwo pẹlẹbẹ tó tò léra tí wọ́n ń yí. Iyè yá, ṣùgbọ́n bí iná bá kú, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ fò lọ nìyẹn. Disiki lọ́ra, àmọ́ kì í gbàgbé. Kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n ti ṣètò pé kí ẹ̀rọ máa kó orúkọ jọ sínú iyè, kí ó tó dà wọ́n sórí disiki lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tíì dà wọ́n o, yóò ti tẹ̀ ẹ́ jáde fún akọ̀wé pé ó ti wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún Àlájà pé orúkọ wọn ti wọlé. Wọ́n súre fún akọ̀wé, wọ́n lọ sílé. Iná kú kí ẹ̀rọ tó dà á sórí disiki. Nígbà tí àwọn tó ń ri páìpù mọ́lẹ̀ dé àdúgbò wa, wọ́n fo ẹnu ọ̀nà wa kọjá. Àlájà kò bá mi jà, wọ́n kàn wò mí, wọ́n sì gbé garawa wọn. Ojú tì mí.

Ẹ̀yin ni mo rántí. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí òjò ṣú, tí ẹ pe Rámọ́tù àbúrò mi pé ṣé ó ti kó èlùbọ́ wọlé? Ojú ọ̀nà ni Rámọ́tù olóhùn dídùn náà wà tó ti ń jẹ́ hòo, pé òun ti kó o. Òjò pa á mọ́ ọn lọ́wọ́, a jẹ ọkà olóòórùn títí ó fi tán. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ṣòfin: ká kọ́kọ́ dà á sábẹ́ òrùlé níbikíbi, títò ń bọ̀ lẹ́yìn; kẹ́nikẹ́ni má sì dáhùn lójú ọ̀nà.

Òfin yín ni mo kọ́ ẹ̀rọ. Mo ní bí orúkọ kan bá ti dé, kí ó kọ ọ́ sí òpin disiki lójú ẹsẹ̀, kí ó tó sọ pé ó ti wọlé. Bó bá ráyè, kí ó wá tò ó sí àyè rẹ̀. Kámáráàdì Sènà ní yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ká dán an wò, ṣùgbọ́n bí ìlà èrò bá fi lè gùn dé géètì, ti àtijọ́ la ó padà sí, kí èmi náà máa padà sí Ìlaró.

Lọ́jọ́ tí a dán an wò, èrò pọ̀. Ìlà ń gùn lọ, wọ́n ń bú wa ní Ègùn àti ní Nàgó, ọ̀gá ń wo géètì, wọ́n ń wò mí. Ó kù díẹ̀ kí ìlà dé ibẹ̀ ni iná kú. Àlájà ló wà níwájú tábìlì. Akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ, pé ó ti parí. Àlájà ní òun kò gbọ́ kí ẹ̀rọ dáhùn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fa tẹ̀sùbáà yọ.

Nígbà tí iná dé, a ní kí ẹ̀rọ tẹ àwọn orúkọ jáde. Gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ ti dá lóhùn ló wà níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Ti Àlájà nìkan ni kò sí, ẹ̀rọ kò sì tíì sọ fún wọn pé ó wà. Akọ̀wé tún un tẹ̀, ẹ̀rọ dáhùn, Àlájà ní al-amdu lilai. Ọ̀gá kò tún mẹ́nu ba géètì mọ́.

Àwọn elépáìpù kò tíì padà dé àdúgbò wa. N kò ní kúrò ní Àjàṣẹ́ títí omi yóò fi dà nínú àgbàlá Àlájà. Ẹ gba ìwọ̀nba owó tí mo fi rán awakọ̀, ẹ fi ra oògùn ojú. Ìyá mi, ẹ má retí pé kí n kọ̀wé pé mo ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ tí mo jẹ́ hòo, ẹ yíjú sẹ́yìn, abẹ́ òrùlé yín ni mo wà.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, ẹ sì bá mi fa Rámọ́tù létí.

Èmi ni ọmọ yín,
Gàníyù