Ẹ́ńjìnnì Alágbára Tí Qamardeen Ní Ká Rà

Qamardeen, Àjàlá ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn o. Lasunwon ní Ìkòròdú níbẹ̀ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ara ò ni ọ́? Àwa náà wà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, a dúpẹ́ f'Ọ́lọ́hun. Orúnkún ọ̀tún mi ló ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ Fàlílátù aládùúgbò wa sì ti tún bí ìbejì, ó jọ pé ẹran yẹn ò níṣẹ́ míì. Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa ara wa.

Ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù tí bàbá yín fi sílẹ̀ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, adìẹ ti ń yé sínú rẹ̀, Lateefat tó ń ra ẹja yíyan mi ní Itamaga sì ti ránṣẹ́ pé tí ẹja ò bá dé kí Jímọ̀ tó pé, òun á lọ bá ẹlẹ́ja míì. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹja yẹn la fi ń jẹun. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tó o fowó ránṣẹ́, tó o ní ẹ́ńjìnnì alágbára ni ká rà, èyí tí wọ́n ti fẹ inú rẹ̀ kó lè máa sáré.

Mo wo fídíò rẹ̀ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Ikhlas àbúrò rẹ. Ẹ́ńjìnnì náà ń gbọ̀n, ó ń ké bí ẹni tí inú ń rún. Mo ní kí Ikhlas tètè pa á, kó má baà jó epo olówó epo dànù.

Èmi àti Toheeb mẹkáníìkì lọ sí ìsọ̀ tòkunbọ̀ láti wò ó, mo sì ṣe ìwádìí rẹ̀ bí a ti ń ṣe ìwádìí ìyàwó. Mo bi ọlọ́jà pé kí ló dé tí òyìnbó tó ń lò ó fi lé e jáde nílé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀, wọ́n kàn là á ni, wọ́n fẹ inú rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ ṣáàfù rẹ̀. Mo ní háà, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nìyẹn! Ta ni í di apẹ̀rẹ̀ ẹja lé aláìsàn lórí? Ló bá tún mú ìwé gàráńtì jáde pé oṣù mẹ́fà ni. Mo ní kó má bínú, Ọlọ́hun nìkan ló mọ ọjọ́ ikú, mi ò lè ra ohun tí wọ́n ti kọ ọjọ́ ikú rẹ̀ sílẹ̀.

Bí a ṣe ń bọ̀ ni Toheeb sọ pé o ti pe òun. Ó ní tí ẹ́ńjìnnì bá ti wọlé tán, o fẹ́ wá gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ìkòròdú, kó o kùn ún ní dúdú, kó o fi páìpù èéfín tó ń bú ramúramù sí i, kí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa fi ṣe fàájì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Inú bí mi, mo bú u dáadáa. Mo ní irọ́ ni, ọmọ tí mo fi ẹja yíyan rán níléèwé ò lè já àwo oúnjẹ gbà lọ́wọ́ mi. Ó bẹ̀ mí, mo ti dárí jì í. Ìwọ náà dárí jì í.

Irú ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà la rà. Kò lè sáré, àmọ́ ó gbé ẹja dé Itamaga lọ́jọ́ Alàmísì, Lateefat sì rà á tán. Lẹ́yìn náà la lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe. Fọ́ọ̀mù ní ká kọ orúkọ ẹni tó ni ín. Mo rò ó títí. Bàbá yín ti kú, ìwọ sì wà ní Lasunwon, o ò mọ iye tí wọ́n ń ta ẹja. Ikhlas àbúrò rẹ ló ń wà á, òun ló ń gbé ẹja sí i, ni mo bá kọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti fi òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n ní kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Mo mọ̀ pé kò ní dùn ọ́, ṣebí Toheeb ló parọ́ mọ́ ọ.

Owó tó ṣẹ́ kù, mo ti fi ra táyà. Jọ̀wọ́ máa fi owó ọ́ìlì ránṣẹ́ lóṣooṣù, níwọ̀n ìgbà tó o ti fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì tó báyìí. Ikhlas ní kí n kí ọ, ó ní kó o má dààmú àti pe Toheeb mọ́.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ, á fún ọ ní aya rere, á sì fún ọ ní píkọ́ọ̀pù tìrẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àpínkẹ́