Ìyá Rẹ Ti Di Ṣíámáànù

Bùsírátù ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run Ọba máa ṣọ́ ọ lọ, kó máa ṣọ́ ọ bọ̀ ní Èkó tí o wà. Ṣé ara le? Àlàáfíà la wà ní Láfẹ́nwá, òjò nìkan ni kò jẹ́ kí àdìrẹ tí ìyá rẹ sá gbẹ bọ̀rọ̀.

Ìròyìn ńlá dé o. Àwọn wolé-wolé ní kí àwọn aláró kó ìkòkò wọn kúrò lẹ́yìn ọjà, pé omi aró ń ba títì jẹ́. Àwa ọkùnrin àdúgbò lọ bẹ ọ̀gá wọn, kò tilẹ̀ wojú wa, tẹlifóònù ló gbé sétí. Mo rò pé ẹni tó jù ú lọ ló wà nínú rẹ̀, ni mo bá dọ̀bálẹ̀ fún tẹlifóònù, kò dá mi lóhùn. Bí wọ́n ṣe lé wa padà wálé nìyẹn.

Ìyá rẹ ní ká jókòó, òun á lọ. Ó kó àwọn aláró lẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ dúdú wọn, èmi náà tẹ̀lé wọn. Nínú gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n gbé irin kan sí i lẹ́nu, ohùn rẹ̀ wá ń jáde lára ògiri! Mo rò pé ẹnì kan ló ń sín in jẹ. Ìyá rẹ ò wẹ̀yìn. Ó ní aró yìí làwọn fi rán ọmọ nílé-ìwé, bí omi bá ń ba títì jẹ́, kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà, àwọn á bá wọn ru yanrìn. Ọ̀gá náà ní òótọ́ ni. Wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ báyìí.

Ni àwọn aláró bá fi í ṣe olórí, wọ́n ń pè é ní Màdáámù Ṣíámáànù. Mo bi Mùsílíù àbúrò rẹ pé kí ni máànù, ó ní ọkùnrin ni. Àyà mi já! Mo sáré bi ìyá rẹ bóyá wọ́n ti sọ ọ́ di ọkùnrin ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ìyàwó mi lòun ṣì jẹ́.

Bó bá lọ ìpàdé, èmi ni mò ń ro láfún sílẹ̀. Ó máa ń ní kókó, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ń jẹ ẹ́. Mọ́ṣúdù ọ̀rẹ́ mi ní mo ti di ìyàwó nínú ilé ara mi. Mo ní nígbà tí wọ́n lé wa bọ̀ bí adìẹ, ṣebí òun tó jẹ́ ọkọ wà níbẹ̀? Ó ní kí n bu láfún wá.

Jọ̀ọ́, fi owó bàtà ìyá rẹ rán ẹni tó bá ń bọ̀. Má fi gba báǹkì o, wọn ò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ṣẹ́kù, èmi náà ò kọ fìlà.

Èyí tí o sọ pé wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe ọ̀gá lórí àwọn ọkùnrin ní ọ́fíìsì, tí ẹ̀rù ń bà ọ́: gbà á. N ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n mo mọ inú ẹni tí o ti jáde.

Ọlọ́run á gbé ọ ga, kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ níwájú ẹni tí o bá ń darí. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlàhúdíìnì